Ohun Tí Wọ́n Fi Bo Irin Inú Egungun Yẹ Ní Bíbéèrè

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn tó ń kọ ìròyìn ìlera kì í sábà fẹnu bà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan irin tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń fi sínú egungun, ìyẹn ojú irin náà fúnra rẹ̀. A máa ń béèrè bóyá irin náà lágbára àti bóyá dókítà mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló ń béèrè ohun tí wọ́n fi bò ó.

Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oríkèé ìbàdí tàbí ti orúnkún fún, kòkòrò máa ń kọ lu oríkèé tuntun ẹnì kan tàbí méjì. Iye yìí lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ fún ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, ó lè di dandan kí wọ́n yọ irin náà, kí ó lo oògùn apakòkòrò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì tún la ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Ìdí ni pé baktéríà bíi Staphylococcus aureus, tó ń gbé ní awọ àti imú ọ̀pọ̀ ènìyàn, máa ń lẹ̀ mọ́ irin, á sì fi ohun yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀, débi pé oògùn tí ì bá pa á níbòmíràn kò ní lè ràn án níbẹ̀.

Ní ọdún 1987, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Anthony Gristina, fi ọ̀rọ̀ yìí wé eré ìje láàárín sẹ́ẹ̀lì ara àti baktéríà, pé èyí tó bá kọ́kọ́ gba ojú irin ló ni ín. Lójú tèmi, òun ló yẹ kí á fi wọn gbogbo ìbòrí tuntun. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi hydroxyapatite, àlùmọ́ọ́nì tó fara jọ èyí tó mú egungun wa le, bo irin ìbàdí, nítorí pé egungun máa ń tètè dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n baktéríà náà lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fi fàdákà, bàbà tàbí zinc díẹ̀ rọ́pò lára kálísíọ̀mù inú rẹ̀, kí ó lè máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti pa kòkòrò. Ooru tí wọ́n sábà fi ń fọ́n ìbòrí yìí sára irin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn apakòkòrò ì bá fi jóná, àmọ́ àwọn èròjà wọ̀nyí máa ń là á já.

Ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣòro jù. Bí fàdákà bá kéré jù, kòkòrò kò ní kú. Bí ó bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì egungun gan-an ni yóò pa. Lóòótọ́, ìbòrí fàdákà ti wà lára àwọn irin ńlá tí wọ́n fi ń rọ́pò egungun tí jẹjẹrẹ ti bàjẹ́, mo sì fi tọkàntọkàn kí àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò tó kí wọ́n kéde fún wa pé ìbòrí kan pa baktéríà nínú àwo ilé ìwádìí láàárín wákàtí 24, nítorí pé kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú àwo, kò sì sí egungun tó ń hù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oríkèé àtọwọ́dá lè wà nínú ara fún ogún ọdún.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, nígbàkígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé ọ́fíìsì yín, kí àwọn akọ̀ròyìn yín béèrè bóyá egungun dì mọ́ irin náà dáadáa, àti ọdún mélòó ni wọ́n ti fi ṣọ́ àwọn aláìsàn tí wọ́n fi sí lára.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín