Bíréèkì iwájú ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní fixie, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí pẹ́dà rẹ̀ kì í dúró bí táyà bá ń yí, nítorí pé wèrè ló ń gùn ún láàárín ìgboro. Wọ́n ní a tún máa ń já iná pupa. Èmi wà lára àwọn wèrè náà. Ó di ọdún kẹfà tí mo ti ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí mo sì ń gùn ún bọ̀ nírọ̀lẹ́. Mi ò kọ̀wé láti bá òǹkàwé yín jà o. Ìdajì ohun tí wọ́n sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìdajì tó kù ló ń dùn mí.

Ó jọ pé ọ̀pọ̀ tó ń bú kẹ̀kẹ́ yìí ò tíì sún mọ́ ọn rí. Lórí kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, téèyàn bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á gbé ẹsẹ̀ dúró, táyà á máa yí lọ fúnra rẹ̀, nǹkan kan á sì máa dún tíkítíkítíkí lẹ́yìn. Tiwa ò ní ohun tó ń dún yẹn. Jíà ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ àárín táyà gbágbáágbá, wọ́n sì fi òrùka irin kan tó ń yí sódì há a mọ́bẹ̀ kó má baà tú. Bí táyà bá ń yí, pẹ́dà ń yí. Bí pẹ́dà bá ń yí, ẹsẹ̀ rẹ náà ń yí, o fẹ́ o, o kọ̀ o. Jíà tèmi ní eyín 46 níwájú, 16 lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo bá yí pẹ́dà po, mo ti lọ bíi mítà mẹ́fà. Tí mo bá ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ mi á yí tó ìgbà 55 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kì í ṣe àṣà àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà. Kẹ̀kẹ́ Rover tí John Kemp Starley ṣe lọ́dún 1885, èyí tó jẹ́ bàbá ńlá kẹ̀kẹ́ òde òní, bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn ń parí lọ ni èyí tó ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ sinmi tó wá gbòde.

Kí ló wá dé tí mo fi ń gùn ún nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì kan níwájú mi, tó ń rìn, tó ń dúró, tó tún ń rìn. Ọwọ́ mi ò kan bíréèkì rárá. Mo kàn ń fi ẹsẹ̀ ti pẹ́dà padà díẹ̀díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á rọra fà sẹ́yìn. Mo bá dẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ síwájú. Tí òjò bá rọ̀ tí títì ń yọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn fẹ́ ṣe àgídí, kójú tó rí i. Nítorí pé mi ò lè ṣèèṣì gbé ẹsẹ̀ dúró, mi ò lè ṣèèṣì gbàgbé ibi tí mo wà. Ọkọ̀ kẹta, ọkọ̀ kẹrin tó wà níwájú bọ́ọ̀sì yẹn ni mo ń wò, kì í ṣe ìdí bọ́ọ̀sì. Ẹrù àtúnṣe rẹ̀ náà ò pọ̀: kò sí wáyà jíà tó máa já. Kí ṣéènì ṣáà má dẹ̀ jù, ó parí.

Kò tún sí irọ́ ńbẹ̀, ó lè ṣeni léṣe. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, okùn bàtà mi ọ̀tún tú láìmọ̀, ó sì bọ́ sínú ṣéènì. Lórí kẹ̀kẹ́ míì, èèyàn á gbẹ́sẹ̀ dúró, á bú okùn náà, á sì máa lọ. Tèmi ò dúró. Okùn ń wé, ṣéènì ń fa bàtà, bàtà ń fa ẹsẹ̀, mo rí i tí ẹsẹ̀ mi ń lọ síbi tí mi ò rán an. Mo ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ títì bí àpò ìrẹsì. Ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn ló yára tẹ bíréèkì. Láti ọjọ́ náà, inú bàtà ni mò ń ki okùn sí kí n tó gun kẹ̀kẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àkísà nu ṣéènì rẹ̀ nígbà tí táyà bá ń yí. Ó lè gé ìka jáde.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Àwọn kan nínú wa ò ní ẹyọ kan lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn ni bíréèkì àwọn. Wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á gan ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, táyà ẹ̀yìn á máa fà lórí ọ̀dà títì ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀. Ó ń wuni wò. Àmọ́ ohunkóhun tó bá ń sáré tó fẹ́ dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń sá lọ; ẹ̀yìn á fúyẹ́, táyà tó fúyẹ́ ò sì lè di títì mú. Ẹni tó fi ẹ̀yìn nìkan dúró máa nílò bí ìlọ́po méjì àyè tí ẹni tó lo bíréèkì iwájú dáadáa máa lò. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ yìí mọ ìṣirò táyà tó ń jẹ. Wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá ń gan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, eyín 48 níwájú pẹ̀lú 16 lẹ́yìn á jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn máa ha ní ojú kan ṣoṣo, àmọ́ tó bá jẹ́ 48 pẹ̀lú 17, ojú 17 ló máa pín in sí. Wọ́n lè ṣírò èyí ní ọ̀gànjọ́ òru, wọn ò sì lè ra bíréèkì kan.

Ní February ọdún 2016, ní London, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan tó ń gun irú kẹ̀kẹ́ yìí láìní bíréèkì iwájú kọlu obìnrin kan tó ń sọdá títì. Obìnrin náà kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi ìpànìyàn, àmọ́ wọ́n rán an lọ sí àtìmọ́lé fún oṣù 18 lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ti ṣe láti 1861, láyé kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Bẹ́ẹ̀, òfin ọdún 1983 nílẹ̀ náà ti là á kalẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gbà pé jíà wa tó lẹ̀ mọ́ táyà jẹ́ ọ̀kan, tẹ̀yìn. Tiwájú nìkan ló kù tó ń béèrè. Mi ò tíì rí òfin tó ro tiwa jùyẹn lọ.

Pápá ìdíje ni kẹ̀kẹ́ aláìníbíréèkì ti wúlò. Níbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ, ẹni tó bá sì ṣàdédé dúró níwájú ló máa dá gbogbo wọn wó. Kò sí ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù lọ sójú ọ̀nà ní pápá ìdíje.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ọlọ́pàá dá wa dúró ní oríta, kí wọ́n wo táyà iwájú. Ẹni tí kò bá ní bíréèkì níbẹ̀, kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ títí á fi fi sí i. Kí ẹni tó ń tà á náà má ṣe gbé e fún oníbàárà láìsí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó ra irú èyí tó ní ojú méjì, téèyàn lè yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ padà: apá kan ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ sinmi, apá kejì kì í sinmi. Ti iná pupa tí òǹkàwé yín sọ, mi ò ní àwáwí. Àmọ́ ẹni tó ń já iná pupa ò nílò fixie kó tó já a.

Kí òǹkàwé yín má bínú. Bí wọ́n bá rí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan tó dé àṣíborí pupa, tó dúró sórí pẹ́dà nídìí iná pupa, tí kẹ̀kẹ́ ń mì síwá sẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kanlẹ̀, èmi ni. Kí wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún mi, ìka méjì ti wà lórí bíréèkì.

Èmi ni tiyín,
Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín