Ibùgbé Ọ̀tọ̀, Orírun Ọ̀tọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ń dùn wá bí àwọn ará Èkó ṣe ń da "olùgbé" pọ̀ mọ́ "ọmọ ìbílẹ̀", torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ tó yẹ kí wọ́n jàre ti ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi téèyàn ń gbé ló ń san owó orí sí. Ọmọ Ìlọrin tó ń gbé Yábàá, Èkó ló ń san tiẹ̀ fún. Ti ọmọ ìbílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: abala 318 ìwé òfin ọdún 1999 ní òbí ẹni tàbí òbí àgbà ni kí á wò. Ẹni tó lo 40 ọdún ní Èbúté Mẹ́ta kò torí ẹ̀ di ọmọ ìbílẹ̀ Èkó, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó kó lọ sí Ìbàdàn kò sì pàdánù tirẹ̀.

Abala 42 ló wá kọ̀ kí ìjọba torí orírun nìkan fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà, tàbí kó torí ẹ̀ ṣe ojúsàájú fún ẹlòmíràn. Ó dárúkọ ẹ̀yà, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo, àti èrò òṣèlú. Kò dárúkọ ibùgbé. Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ fi lè ní olùgbé nìkan ni ètò kan wà fún. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù bá ní kí ẹ mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti káńsù wá kí owó ilé ìwé tó lè dínkù, ọ̀rọ̀ ti di ti orírun nìyẹn. Ẹ tọ́jú fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì pẹ̀lú.

Ti ipò nínú iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀, torí abala 42(3) gbà kí òfin fi ààlà sí i. Òfin la wí o, kì í ṣe ìwé tí ọ̀gá kan buwọ́ lù ní ọ́fíìsì.

Ọ̀pọ̀ máa ń sáré gbé abala 15 lọ síwájú adájọ́, torí ó ní kí ìjọba fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ ìgbé níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà dùn, àmọ́ Orí Kejì ìwé òfin náà ló wà, abala 6(6)(c) sì ti so ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀. Abala 42 ni kí ẹ dì mú.

Ìlànà ọdún 2009 tí a fi ń pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn béèrè ìwé tó sọ orúkọ yín, ohun tí ẹ ń fẹ́ àti ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbúra àti àlàyé lọ́yà. Kò sí pé ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀. Ibi tí ìwọ̀sí ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ ti pẹjọ́. Bó bá jẹ́ Ọ̀ṣun, ilé ẹjọ́ gíga tó wà l'Ọ́ṣun ni, ẹ má gbé e wá sí Ìkẹjà.

Àwa agbẹjọ́rò kan,
Yábàá, Èkó