Lẹ́tà sí Àkànní lórí Rúmbà ilẹ̀ Kúbà

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ ní London. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ẹgbẹ́ oníjó yín fẹ́ jó rúmbà Kúbà lọ́dún yìí, ẹ sì fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé ilẹ̀ Yorùbá ni rúmbà ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ bẹ́ẹ̀. Bàtá ni tiwa ní Kúbà. Ní ti rúmbà, a kàn dá sí i ni, àwa kọ́ la dá èyí tó pọ̀ jù.

Ìlú Matanzas àti Havana ni rúmbà ti jáde kí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tó parí, láàárín àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté àti nínú àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní solar, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pín àgbàlá kan ṣoṣo lò. Àwọn ará Kóńgò ló ni ìlù àti ijó yuka, inú rẹ̀ ni bí ọkùnrin ṣe ń ju bàdí sí obìnrin ti wá. Àwọn ará Calabar, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ awo Abakuá sílẹ̀ ní Regla, létí Havana, lọ́dún 1836, ló fi ẹsẹ̀ eégún wọn kún un. Èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń kọrin. Tiwa ni ọ̀rọ̀ Lùkùmí, ìyẹn Yorùbá ti Kúbà, tó máa ń yọjú nínú orin, àti ẹsẹ̀ ijó òrìṣà díẹ̀. Nígbà tí ìlù bá ṣòroó rí, àpótí ẹja oníyọ̀ ni wọ́n ń lù fún ohùn ìsàlẹ̀, àpótí àbẹ́là fún ohùn òkè. Bí owó ìlù kò bá tíì pé, ẹ kan àpótí tiyín. Lójú tèmi, ó tilẹ̀ bá yambú, ọ̀kan nínú oríṣi rúmbà mẹ́ta, mu ju ìlù lọ.

Yambú lọ́ra, ijó àgbà ni, ọkùnrin kì í sì í ju bàdí níbẹ̀ rárá. Guaguancó yá jù ú lọ. Níbẹ̀ ni ọkùnrin ti máa ń ṣàdédé ju bàdí, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ síhà abẹ́ obìnrin, tí obìnrin á yára fi ọwọ́ tàbí etí síkẹ́ẹ̀tì bò ó. Vacunao ni wọ́n ń pè é. Bí ọkùnrin bá ń ṣe é léraléra, ó ti bà á jẹ́, torí òjijì ni adùn rẹ̀. Columbia, oríṣi kẹta, jẹ́ ti ọkùnrin tó ń dá jó láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì le. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọdún mìíràn.

Clave ni kí ẹ kọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìlù. Igi méjì ni. Ká àtẹ́lẹwọ́ òsì kí ihò wà lábẹ́ igi tó wà nínú rẹ̀, má sì fún un, torí bí o bá fún un, ohùn rẹ̀ á kú. Ka 1 dé 16, kí ẹsẹ̀ máa kan ilẹ̀ lórí 1, 5, 9 àti 13. Igi á dún lórí 1, 4, 8, 11 àti 13. Orí 8 ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà: ọwọ́ máa ń fẹ́ dúró de ẹsẹ̀ lórí 9, ẹni tó bá sì ti mọ sálsà tẹ́lẹ̀ á lù ú lórí 7. Orí 7 yẹn tọ̀nà nínú son, orin onígìtá tó ti ìlà-oòrùn Kúbà wá, ṣùgbọ́n nínú guaguancó ó máa ń jẹ́ kí orin wúwo.

Ìlù mẹ́ta ló wà. Tumba ló tóbi jù, tres dos ló tẹ̀ lé e, quinto ló kéré jù. Kíyè sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn onílù wa ti ń ṣe àṣìṣe: nínú bàtá, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, nínú rúmbà, èyí tó kéré jù ni. Quinto ni kí ẹ fún ọ̀gá onílù, òun ló ń bá oníjó fèsì. Tumba àti tres dos kò gbọdọ̀ máa dárà púpọ̀, wọ́n á bo quinto mọ́lẹ̀.

Clave ló ń ṣáájú, catá (ọparun tí wọ́n ń fi igi méjì lù) á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìlù. Olórin á fi ohùn lásán tí kò ní ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí ni diana, kó tó wá ro ìtàn orin náà. Ìgbà tí elégbè bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é ni oníjó tó ń wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti jó rẹ ara wọn kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní ti bàtá, iyá, itótele àti okónkolo ni wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Kúbà. Wọ́n máa ń jókòó gbé e lé itan, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì, kò sí bílálà. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ará Kúbà, kọ ọ́ pé Añabí àti Atandá ló kọ́kọ́ ṣe èyí tí a bọ ní Havana, ní nǹkan bí ọdún 1830. Ortiz náà ló kó bàtá wá sí iwájú èrò láàárín àwọn ọdún 1930. Èyí tí wọ́n ti fi Añá, òrìṣà ìlù, sínú rẹ̀ kì í ṣe ti ìran wíwò, obìnrin kì í sì í fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Aberikulá, èyí tí wọn ò bọ, ni kí ẹ yá. Bí ẹ bá sì fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ rúmbà, ẹ wá orin ẹgbẹ́ AfroCuba de Matanzas gbọ́ ná. Batarumba ni wọ́n ń pe tiwọn.

Fi ohùn ìdánrawò yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kí ẹni tó ń lu clave sún mọ́ fóònù jù, kí n lè gbọ́ 8 yẹn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí