Má Tà Á Nínú Ìbínú

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Màmá rẹ sọ fún mi pé MGB yẹn, ọkọ̀ àtijọ́ rẹ, tún kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà A34 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún lálẹ́, pé òjò ń rọ̀, pé ọkọ rẹ ló wá gbé ọ, ó sì ní kí o ta ọkọ̀ náà kí gbogbo yín lè sinmi. Ó ní o fẹ́ gbọ́ tẹnu mi, ṣùgbọ́n o ń lọ́ra láti pè torí o mọ̀ pé ọkọ̀ náà ni màá gbè. Òun náà ni màá gbè lóòótọ́. Àmọ́ gáréèjì ni mo ti jẹun ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó padà sí Ìbàdàn, irú ọkọ̀ yìí sì ni mo tú, tí mo sì tún tò, jù lọ níbẹ̀. Mo mọ ìyà tó wà nínú rẹ̀, mo sì mọ adùn rẹ̀.

Má tà á. Bí o bá máa tà á lọ́jọ́ kan, kó jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn ràn, tí ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí inú rẹ sì tutù. Ohun tí èèyàn bá pinnu létí títì nínú òjò, ìbínú ló pinnu rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni kí n kọ́kọ́ yanjú. Ó jàre. Ọkùnrin tí wọ́n bá pè lóru pé ìyàwó rẹ̀ dúró sétí títì márosẹ̀, tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ò tàn, tí àwọn tírélà ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ já. Má sọ fún un pé kò mọyì ohun àtijọ́. Ohun tó yẹ kí o ṣe ni kí o sọ ẹrù tí kò tọ́ sí ọkọ̀ náà kúrò lórí rẹ̀. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1972 kọ́ ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ yẹ kó máa wà lọ sí ọsibítù láàárín òtútù. Ẹ wá owó ra Toyota kékeré kan fún ìrìn iṣẹ́. Kí o sì san owó AA tàbí RAC, àwọn tó máa ń wá gba ọkọ̀ tó kú sọ́nà là, déédéé, kí ó má jẹ́ ọkọ rẹ ni yóò máa jí lóru. Èyí á tún ṣe MGB náà fúnra rẹ̀ lóore, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù níbẹ̀ yẹn, kò sí ohun tó ń jẹ irin rẹ̀ tó o. Àmọ́ má gbé e síbi kan kí o wá gbàgbé rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá dúró jù, rọ́bà rẹ̀ á gan, bírékì rẹ̀ á lẹ̀, epo inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, wà á, kí o wà á jìnnà títí ara rẹ̀ á fi gbóná dáadáa.

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ gan-an. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọkọ̀ àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé gbára lé. Ní ti èyí, mi ò gbà. Láti 1962 títí di oṣù kẹwàá 1980, ó lé ní ìlàjì mílíọ̀nù tí wọ́n ṣe jáde ní Abingdon, ìlú tí o ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójú A34 yẹn gan-an. Ẹ́ńjìnnì 1798 cc inú rẹ̀, ìran ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n fi sínú Morris Oxford àti sínú ọkọ̀ akẹ́rù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Irin gidi ni, kò sí ẹlẹgẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń kú sọ́nà. Àwọn nǹkan kéékèèké tó yí i ká ló ń kú: wáyà, rọ́bà, ojú irin méjì tó yẹ kó fara kanra. Ìdí tí wọ́n fi ń kú ni pé ọwọ́ púpọ̀ ti kọjá lára ọkọ̀ náà láàárín àádọ́ta ọdún. Ẹnì kan já wáyà, ó so ó mọ́ òmíràn, ó fi téèpù dì í. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tún so tirẹ̀ lé e. Àtúnṣe ká-ṣáà-délé ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ kò já ọ kulẹ̀, Àdùkẹ́. Àtúnṣe ká-ṣáà-délé àwọn tó ti lò ó ṣáájú rẹ ló ń já ọ kulẹ̀, iṣẹ́ rẹ sì ni láti máa tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi èyí tó tọ́ rọ́pò.

Nítorí náà, bí ó bá tún kú, má pariwo pé kí ló tún ń ṣe ọkọ̀ yìí. Bi ara rẹ pé ibo ni wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn.

Bẹ̀rẹ̀ láti ibi bátìrì. Tìrẹ, torí ọdún tí wọ́n ṣe é, méjì ni, six-volt, six-volt, wọ́n wà lábẹ́ ìdérí lẹ́yìn àga. Ojú kì í tó wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ṣí i, nu orí wọn, kí o wo wáyà tó so wọ́n pọ̀ àti èyí tó lọ sára ọkọ̀. Áàtì náà ni mò ń wí. Bí áàtì bá ti dípẹtà, iná á máa ṣe ségesège, wọ́n á sì máa bú Lucas tó ṣe ẹ̀rọ iná rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti ra dáínámò tuntun àti bátìrì tuntun fún lásán, nígbà tó jẹ́ pé bóòtù kan ṣoṣo ló nílò kí a fi sáńpépà nù. Lẹ́yìn náà kí o tẹ̀ lé wáyà lọ síwájú. Gbogbo ibi tí orí wáyà ti wọnú ara wọn, fà á yọ, nù ún títí yóò fi dán, dá a padà. Má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ Sátidé kan fún iná iwájú, òmíràn fún iná ẹ̀yìn.

Pọ́ńpù epo rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lábẹ́ ọkọ̀ ló wà, nítòsí bátìrì, iná ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó jí, tẹ́tí: ó yẹ kó máa dún tík, tík, tík, kó sì dákẹ́ nígbà tí epo bá ti kún inú kábúrétọ̀. Bí kò bá dún rárá, ojú irin inú rẹ̀ ti lẹ̀ tàbí kí ó ti jóná. Bí ó bá ń dún ṣáá tí kò dákẹ́, epo ti tán, tàbí atẹ́gùn ń wọ inú páìpù, tàbí epo ń jò níbì kan. Wọ́n á ti sọ fún ọ pé kí o máa fi òòlù gbá a pẹ́pẹ́ kó lè jí. Òótọ́ ni pé ó máa ń jí. Àmọ́ ìgbá yẹn, kí o lè délé ni. Bí o bá ti délé, tú u, tún un ṣe, kí àtúnṣe ká-ṣáà-délé má tún bẹ̀rẹ̀ látọwọ́ tìrẹ.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí o fi falẹ̀ rárá: rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, E10 ni epo tó wọ́pọ̀ ní ilé epo níbẹ̀, ọtí ethanol inú rẹ̀ sì ń jẹ rọ́bà ọkọ̀ àtijọ́. Ibi tí rọ́bà bá ti là, epo á kán sórí irin gbígbóná, ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde kò ní àtúnṣe. Pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí irú èyí tí ethanol kò ràn, kí o sì máa ra E5, ìyẹn super, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Tún wò nínú ìwé ọkọ̀ náà bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó fálúfù rẹ̀ sí èyí tó le. Epo onílédì ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn fún, wọn ò sì tà á fún gbogbo ayé mọ́ láti ìparí 1999. Bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, oògùn kan wà tí a ń dà mọ́ epo títí ìgbà tí owó á fi wà.

Ìpẹtà ni mo fẹ́ bá ọ sọ jù. Ọkọ̀ yìí kò ní ṣásí lọ́tọ̀ bíi ti MGA tó ṣáájú rẹ̀. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ṣásí rẹ̀, irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, èyí tí wọ́n ń pè ní sill, òun ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ìta rẹ̀ lè máa dán kí inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Àwọn wẹ́dà kan wà, wọ́n á lẹ irin tuntun bo èyí tó ti jẹrà, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á gbowó. Inú á máa jẹrà lọ ní tirẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Gbé ọkọ̀ náà sókè, kí o ṣí ilẹ̀kùn, kí o tì í padà. Bí àlàfo ilẹ̀kùn bá yí padà, tàbí ilẹ̀kùn bá há, àárín ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀, má sì wà á lọ síbì kankan mọ́ títí wọ́n á fi gé gbogbo èyí tó jẹrà kúrò. Bó tilẹ̀ burú débi tí ara ọkọ̀ kò ṣeé gbà là, ọ̀nà ṣì wà: láti 1988 ni ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi irinṣẹ́ àtijọ́ gan-an ṣe ara MGB tuntun. Ọkọ̀ mélòó ló kù láyé tó dàgbà tó yìí tí èèyàn ṣì lè rí ara tuntun rà fún?

Òfin ilẹ̀ náà ń ṣojú rere sí ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún. Owó orí rẹ̀ ti di òfo, ULEZ Lọ́ńdọ̀nù, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀, kò kàn án, àti láti oṣù karùn-ún 2018, kò pọn dandan kó lọ ṣe MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Ìwọ ṣáà máa gbé e lọ lọ́dọọdún. Ojú mẹkáníìkì tí kò fẹ́ràn ọkọ̀ náà máa ń rí ohun tí ojú ìwọ tó fẹ́ràn rẹ̀ kò rí.

Owó tí o bá ní, bírékì ni kó kọ́kọ́ lọ sí, lẹ́yìn náà gírísì fún kingpin iwájú, irin tí táyà iwájú fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, lẹ́yìn gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì. Bámpà tó ń dán àti àga aláwọ lè dúró. Wọ́n á sì máa sọ fún ọ pé kí o yọ kọ́ńtáàtì inú dìsìtíríbútọ̀, ojú irin kékeré méjì tó ń mú kí iná ṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, kúrò, kí o fi ti ẹ̀rọ ìgbàlódé síbẹ̀. Àwọn mìíràn tó mọ iṣẹ́ náà fara mọ́ ọn. Ní tèmi, mi ò fẹ́ ẹ fún ọ. Ti ẹ̀rọ ìgbàlódé, bó bá kú, ó kú nìyẹn. Kọ́ńtáàtì máa ń kọ́kọ́ mú kí ọkọ̀ wúkọ́, ó máa ń kìlọ̀, sáńpépà kékeré kan sì tó láti gbé ọ délé.

O lè bi mí pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, nígbà tó jẹ́ pé ìyára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí lọ, tí ọkọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ń yà á sílẹ̀ lónìí. O mọ ìdáhùn rẹ̀ jù mí lọ. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wà á gba àwọn òkè Cotswolds pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ ní ṣíṣí, mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́. Ní 1963, àwọn awakọ̀ eré méjì, Paddy Hopkirk àti Alan Hutcheson, gbé MGB kan lọ sí eré ọkọ̀ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ní Le Mans, nílẹ̀ Faransé. Eré náà kò tíì jìnnà tí Hutcheson fi wọ inú yanrìn. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, ó sì wà níbẹ̀ ju wákàtí kan lọ, ó ń wú ọkọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀. Ìpò kejìlá ni wọ́n parí sí, àwọn ni wọ́n sì gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn tó tiwọn. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ra ìwé kan, kí o máa kọ gbogbo ohun tí o bá ṣe sí i: ọjọ́, iye máìlì, ohun tí o yọ, ohun tí o fi rọ́pò. Kí o sì wá ẹgbẹ́ MG tó bá sún mọ́ ọ. Àwọn bàbá tó wà níbẹ̀ á fún ọ ní ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè tà fún ọ. Máa kí wọn dáadáa.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Sọ fún un pé mo ní ó jàre lórí ọ̀rọ̀ alẹ́ yẹn, pé màá pè é fúnra mi lọ́jọ́ Àìkú. Kí ìwọ ya fọ́tò abẹ́ sill méjèèjì àti ibi bátìrì yẹn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí o tó san kọ́bọ̀ fún wẹ́dà kankan. Tan iná sí i dáadáa kí n lè ríran.

Màmá rẹ ń kí yín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ