Lẹ́tà sí Dúpẹ́ lórí aṣọ tó fẹ́ máa tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Ṣé dáadáa lo wà l'Àbújá? Àlàáfíà la wà nílé.

Ìyá rẹ ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ fún mi, pé o fẹ́ máa ta aṣọ tí òun ń hun lórí Facebook àti WhatsApp. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi kún un ni búlọ́ọ̀gù tìrẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìwòyí á ní ta ló tún ń ka búlọ́ọ̀gù. Ẹni tó ń wá nǹkan rà ni. Àwòrán tí o bá gbé sí status WhatsApp, wákàtí 24 ló máa lò, ó lọ nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ "aṣọ òkè Ògìdì" sínú Google lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tí o kọ lónìí ló lè kàn.

Kọ ọ́ kó kún. Má kàn gbé àwòrán síbẹ̀ kí o ní "ẹ pè fún iye rẹ̀". Kọ iye owó. (Ara mi kì í gba àwọn tó ń fi iye ọjà pamọ́, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ wo ojú oníbàárà kí wọ́n tó bu owó lé e.) Kọ bó ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó. Òfì òró (òfì tó dúró lóòró) tí àwọn obìnrin wa ń lò, aṣọ fífẹ̀ ló ń hun. Ẹni tó jẹ́ pé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ Ìsẹ́yìn nìkan ló mọ̀ kò ní mọ iye tí yóò rà kó lè tó o. Sọ bóyá aró ìbílẹ̀ ni tàbí òwú aláwọ̀ inú ọjà. Bí aṣọ pupa àwọn Bùnú, ará agbègbè Kàbà, bá dé ọwọ́ rẹ, kọ ọ́ gbangba pé òkú olóyè àti eégún ni wọ́n ń lò ó fún láyé àtijọ́. Kí ìyàwó tuntun má lọ wọ̀ ọ́ l'Ékòó kí àwọn àgbà ilé wá dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́.

Facebook, ilé onílé ni. Ní oṣù kẹfà 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó di oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ wà, níbo ni yóò ti rí wọn? Google+, ìkànnì bíi Facebook, ńkọ́? Àwọn tó ni ín fúnra wọn ló pa á ní 2019. Nítorí náà, gba nọ́ńbà ẹni tó bá rajà, kí o bi í bóyá ó fẹ́ kí o máa kàn sí òun, torí òfin ìdáàbòbò dátà (ìsọfúnni nípa ẹni) ti wà láti 2023. Orúkọ ojúlé búlọ́ọ̀gù náà (àdírẹ́sì tí ènìyàn máa tẹ̀ kó tó dé ibẹ̀), ìwọ ni kí o rà á lórúkọ ara rẹ, kì í ṣe ọmọkùnrin tó bá ọ kọ́ ọ. Bí ẹ bá jà lọ́la, ọwọ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ máa wà.

Ti Instagram àti TikTok, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ìyá rẹ ti fi aṣọ mẹ́rin rán awakọ̀ láti Kàbà. Ojúmọmọ ni kí o ya àwòrán wọn, torí iná gílóòbù máa ń yí àwọ̀ aró padà. Èyí tó ní ìlà funfun, má gbé e síta o, ìyàwó pásítọ̀ ti san àsansílẹ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ