Lẹ́tà láti Longyearbyen

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, mo kí Màámi náà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ́hìndé ní ẹ tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ẹ ń bi í pé ibi tí ọmọ yín tún forí lé yìí, ṣé ilé ayé ò parí síbẹ̀ ni. Kò tíì parí, ẹ̀yin náà! Ó ku nǹkan bí i 1,300 kìlómítà kéèyàn tó dé ìkángun àríwá ayé.

Láti Tromsø, ìlú tó wà lápá àríwá Norway, tí mo ti ṣí wá sí ibí, bí i 960 kìlómítà ni lójú òfurufú. Èkó sí Kánò ò tó 850. Bàálù á rìn ín ní wákàtí kan àti nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí ló wá le ńbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí bàálù wọ̀ l'Ékòó lè wọ mọ́tò lọ sí Kánò, bó pẹ́ bó yá, yóò débẹ̀. Òkun Barents ló kún àárín tiwa. Ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, erékùṣù Bjørnøya ló wà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀. Kódà nínú Svalbard níbí, ìyẹn àwọn erékùṣù tí Longyearbyen wà, títì ò so ìlú kan mọ́ òmíràn. Kí wọ́n tó ṣí pápákọ̀ òfurufú yìí lọ́dún 1975, bí òkun bá ti dì pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀ ojú omi ò ní wọlé mọ́ títí yìnyín á fi yọ́.

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀, a ti ń sọ̀, mo ti ń rí iná ìsàlẹ̀. Òkun lápá kan, òkè lápá kejì. Àfi bí bàálù ṣe gbé imú sókè lójijì! Awakọ̀ ní atẹ́gùn ò jẹ́. A yípo, a tún yípo, ó bá dorí kọ Tromsø padà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ó lé, ibi tí a ti gbéra náà la bà sí. Èmi ń pe Jésù, obìnrin tó jókòó tì mí ń hun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ọjọ́ kejì la tó dé.

Wọ́n tún ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò ní Tromsø, bẹ́ẹ̀ Norway náà ló ni ibí. Àdéhùn tí wọ́n bọwọ́ lù ní Paris lọ́dún 1920 ló mú un yàtọ̀. Òun náà ni kò jẹ́ kí n nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ará Thailand àti Philippines la jọ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó máa dùn mọ́ yín. Lára òkè tó wà lókè pápákọ̀ náà ni wọ́n gbẹ́ àká irúgbìn gbogbo ayé sí, wọ́n ṣí i lọ́dún 2008. Ẹ̀wà láti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn níbi tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, wà nínú ẹ̀! Irúgbìn Ìbàdàn ti ṣáájú mi débí. Wọn ò jẹ́ kí irú wa wọ inú ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo dé.

Aago wa bá tiyín mu báyìí, ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù Kẹta, a ó fi wákàtí kan ṣáájú yín. Lẹ́yìn aago méje alẹ́ ni kí ẹ máa pè. Èlùbọ́ tí Màámi fẹ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n dì í dáadáa, ó lè sùn ní Tromsø.

Èmi ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́