Ẹ yé ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ torí ooru

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì l'Abẹ́òkúta níbí, pàápàá àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́, tí wọ́n á ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu tí wọ́n á wá gbé fáànù onílẹ̀ kọjú sí i. Ó lè tutù díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ eruku ńkọ́, ẹ ṣáà mọ bọ́yẹ́ ṣe ń rí. Fáànù inú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Tiwájú ló yẹ kó máa fa atẹ́gùn tútù wọlé, kí tẹ̀yìn àti tòkè máa lé èyí tó gbóná jáde torí ooru máa ń gòkè. Tí gbogbo wọn bá ń lé jáde, ihò kéékèèké tí ò ní asẹ́ leruku máa gbà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ bá ti rí apá tó di mọ́tò fáànù mú, ibẹ̀ ni atẹ́gùn sábà máa ń jáde sí, ẹlòmíì á dè é sódì á wá máa bú kọ̀ǹpútà pé ó ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru ló jẹ́ kí prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, dẹwọ́ eré. Ẹ má sì ti kọ̀ǹpútà mọ́ ògiri o.

Òǹkàwé yín, Ìbarà, Abẹ́òkúta